Sàláàdì tòmátì, èso àti wàrà: kí ló ń fa omi tó ń kún inú abọ́?

Ìbéèrè, láti Tánkè:

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará ilé. Mo rí fídíò obìnrin òyìnbó kan tó gé tòmátì, wọ́tàmẹ́lọ̀n àti ṣíìsì funfun sínú abọ́ kan náà. Ó ta òróró sí i, ó já ewé lé e lórí, ó ní oúnjẹ ìgbà ooru nìyẹn. Ooru tó ń mú wa ní Ìlọrin lásìkò yìí kò kéré, ni mo bá ní kí n ṣe é fún ìṣínu. Mi ò rí ṣíìsì yẹn rà nítòsí, mo lo wàrà dídì tí àwọn Fúlàní ń tà. Mo fi iyọ̀ sí i, mo gbé e sílẹ̀ ká tó kírun. Nígbà tí a máa fi kírun Mọ̀gàríbà tán, omi ti kún abọ́, wàrà ti fọ́ wẹ́wẹ́, tòmátì ti rọ. Àbúrò ọkọ mi ní ta ló ń fi èso sínú tòmátì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wàrà ni kò dáa fún un, àbí kí n lọ wá ṣíìsì òyìnbó ní súpámákẹ́ẹ̀tì? Bí ẹ bá sì gbà pé kò yẹ ká máa ṣe irú rẹ̀ rárá, ẹ sọ ọ́ fún mi.

* * *

Àǹtí, ẹ má wá ṣíìsì kankan lọ. Wàrà dáa fún un. Ohun tó ba oúnjẹ yín jẹ́ kò ju omi lọ. Ẹ wo ohun tí ẹ kó jọ: nínú 100 gíráàmù tòmátì, omi níbẹ̀ tó 94, ti wọ́tàmẹ́lọ̀n kò jìnnà sí i. Wàrà tí ìyá oníwàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi igbá bù fún yín, inú omi rẹ̀ ló ti ń jáde bọ̀. Ẹ wá bu iyọ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí, ẹ gbé e sílẹ̀ de ìrun. Iyọ̀ gan-an ló ń fa omi jáde lára tòmátì àti èso. Kò sí bí abọ́ náà kò ṣe ní kún.

Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ó fi mú omi kọ̀ọ̀kan, wàrà ni kí ẹ sì kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ má gé e sínú abọ́ bí ẹ ṣe rà á. Ẹ da omi tó bá a wá nù, ẹ gbé e kaná nínú omi mìíràn, kí ẹ fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan sí lítà omi kan. Kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ dà á sínú asẹ́, kí ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e, ẹ gbé e lé àwo pẹrẹsẹ, ẹ gbé àwo mìíràn lé e, kí ẹ wá fi ọmọ ọlọ tẹ̀ ẹ́ fún bíi wákàtí kan. Omi tó bá ń kán sílẹ̀ yóò kọ́kọ́ funfun, yóò wá mọ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi ní kán mọ́. Nígbà tí ẹ bá tú aṣọ náà, ẹ ó rí ojú ìhun aṣọ lára wàrà. Ọ̀bẹ yóò gé e ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, kò ní ya, kò ní fọ́, iyọ̀ á sì ti wọ inú rẹ̀ débi pé ẹ ò ní bu iyọ̀ púpọ̀ lé sàláàdì mọ́.

Èyí ni mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo wa fi ọkàn sí kí a tó máa jà lórí èso wo àti òróró wo. Wàrà tí a sè pẹ̀lú iyọ̀, tí a tẹ̀ gbẹ, máa ń jókòó nínú abọ́ bí ó ṣe yẹ kí ṣíìsì jókòó. Wàrà tí a kò tẹ̀, kò sí oògùn rẹ̀.

* * *

Ẹni kan láti Pàkátà dá sí i báyìí:

"Kí ẹ má bínú o, ohun tí ẹ ń sọ yìí kì í ṣe sàláàdì. Sàláàdì tí a mọ̀ ní Ìlọrin ni kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, kùkúḿbà, ẹyin sísè àti ẹ̀wà agolo, kí a wá da salad cream lé e lórí. Èyí tí kò ní salad cream, ewébẹ̀ lásán ni."

Àwọn mẹ́ta kan ti gbè é lẹ́yìn. Mo mọ sàláàdì yẹn, òun náà la ń jẹ pẹ̀lú ìrẹsì níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó, mi ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní tòmátì tútù àti àlùbọ́sà tútù ṣàjèjì sí wa, kó lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń ta súyà lálẹ́. Kí ni wọ́n ń gé lé ẹran lórí? Àwọn obìnrin Hausa tó ń ta sógálè (ewé moringa) ńkọ́? Ewé tí wọ́n bọ̀, kúlíkúlí gígún, àlùbọ́sà, tòmátì, ata gbígbẹ, òróró ẹ̀pà díẹ̀. Sàláàdì ni yẹn láti orí dé ẹsẹ̀, a sì ń jẹ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé fídíò jáde.

Salad cream nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún nínú eléyìí. Ó nípọn, ó ní ṣúgà, yóò bo adùn wàrà mọ́lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún kábéèjì.

Ní ti àbúrò ọkọ wa tó béèrè ẹni tó ń fi èso sínú tòmátì: àwọn ará Gíríìsì ń jẹ wọ́tàmẹ́lọ̀n pẹ̀lú féta, ṣíìsì oníyọ̀ tí wọ́n ń fi mílíìkì àgùntàn àti ti ewúrẹ́ ṣe. Àwọn ará erékùṣù Capri ní Ítálì ń to tòmátì, mozzarella (ṣíìsì funfun rírọ̀) àti ewé basil (ewé olóòórùn bí ẹ̀fínrín) pọ̀, wọ́n ń ta òróró ólífì sí i, ó parí. Kì í ṣe pé kí a wá máa ṣe bíi tiwọn ni mo ṣe sọ ọ́. Ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì: ohun kíkan díẹ̀, ohun dídùn díẹ̀, àti ohun oníyọ̀ tó ń pa àwọn méjèèjì pọ̀. A ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjà Mandate àti lọ́wọ́ ìyá oníwàrà.

* * *

Ọmọ Òmù-Àrán kan béèrè pé kí ló dé tí ẹ ò kúkú dín wàrà náà, kí omi tán lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ṣeé ṣe, ó sì dùn. Wàrà tiwa kì í yọ́ nínú òróró gbígbóná bí àwọn ṣíìsì mìíràn ti ń yọ́. Ara rẹ̀ á le, ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á ṣì funfun. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n máa ń fi èèpo pòròpórò ọkà bàbà sè é títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi pupa, wọ́n ń pè é ní wàgáṣì, wọ́n sì ń dín in sínú ọbẹ̀ bí ẹran.

Àmọ́ nínú abọ́ tútù, èmi kò fẹ́ràn díndín. Òróró tó wà lára rẹ̀ máa ń dì mọ́ ètè tí ó bá ti tutù, ó sì ń pa òórùn èso. Tí ẹ bá fẹ́ dín in, ẹ gbé e sórí bébà kí òróró ṣẹ́ lára rẹ̀, kí ẹ sì jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí tòmátì. Tí ó bá fi máa tutù, ti sísè àti títẹ̀ ló dáa jù.

* * *

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà ní Gàá Àkànbí kọ ni mo fẹ́ dúró lé lórí pẹ́ díẹ̀. Ó ní òun kò lè jẹ wàrà láì dín in láé, torí táífọ́ọ̀dù, àti pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gba àwọn èèyàn níyànjú láti fi í ṣe oúnjẹ tútù. Àwọn kan dá a lóhùn pé wọ́n ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, kò pa wọ́n.

Ìdáhùn kejì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èèyàn lè jẹ ohun kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di àìsàn sí i lára lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ewu náà ń gbà wọlé, torí kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ rò.

Ìyá oníwàrà á fún mílíìkì màlúù láàárọ̀, á gbé e kaná. Á gún ewé tàbí igi bọmubọmu, á da oje rẹ̀ sínú mílíìkì tó ti ń gbóná. Oje náà ló ń mú kí mílíìkì dì, tí omi á wá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ bí iná ti ń wọ̀ ọ́ lára. Á bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi ro dànù, ìrísí agbọ̀n náà lẹ máa ń rí lára rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, iná ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lára wàrà náà. Lẹ́yìn iná ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀: omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí, igbá tí wọ́n fi ń bù ú, ọwọ́ tó gba owó tí ó tún wọ inú abọ́, oòrùn tó ń pa abọ́ náà láti Gàá títí dé ìgboro. Kòkòrò àìsàn máa ń pọ̀ sí i kíákíá nínú ohun lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ní omi àti ọ̀rá. Bí iná ìdáná bá sì ti kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, àìsàn tó ń ti ara màlúù wá, bíi brucellosis, ṣì lè wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ hó o lẹ́ẹ̀kan sí i nílé yín, kí ẹ tó jẹ ẹ́, ní omi tí ẹ mọ ibi tó ti wá. Aṣọ tí ẹ fi wé e, kí ẹ ti sè é. Abọ́ àti ọ̀bẹ tí ẹ máa lò lẹ́yìn náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ fi kan wàrà kí ó tó hó. Aláboyún, ọmọ kékeré àti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò le, kí wọ́n má fẹnu kan èyí tí a kò tún sè rárá. Èyí kì í ṣe ẹ̀gàn fún àwọn obìnrin Fúlàní tó ń tà á. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni Ìlọrin fi ń jẹ wàrà, ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ló sì ń jẹ́ Gàá títí dòní, Gàá Àkànbí, Gàá Ìmáàmù, Gàá Ódòòta. Ohun tí wọn kò ní ni fíríìjì àti omi ẹ̀rọ lójú ọ̀nà.

Bí ẹ ṣe máa dá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde mọ̀: ẹ gbóòórùn omi rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi nọ́nọ̀ tó ti kan, ó ti pẹ́. Ẹ fi ìka méjì pa omi náà, kò gbọdọ̀ máa yọ̀. Ẹ rà á bó ṣe ń wọ ìgboro, ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ọwọ́ ti kàn án. Tí ẹ bá ti sè é, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lè lo ọjọ́ méjì nínú fíríìjì tí iná bá dúró. Tí iná kò bá dúró, ọjọ́ tí ẹ sè é ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán.

Ìdí kan náà ni mo fi sọ pé kí oníbéèrè má rọ́ lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì. Ṣíìsì òyìnbó tó ti òkèèrè wá fẹ́ òtútù ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ ò mọ iye wákàtí tí iná fi lọ ní ibi tí wọ́n tò ó sí. Wàrà tí ẹ fojú yín hó, ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe sí i.

* * *

Ará Àjàṣẹ́-Ìpo kan kọ ọ́ pé: "Èmi fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ ṣe é, mo gbé e sí fíríìjì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó korò, wàrà sì ti rọ̀ bí ògì."

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù àti ìbẹ́pẹ tútù ní ẹ́ńsáìmù, èròjà kan tó ń gé purotéènì sí wẹ́wẹ́. Ìyẹn náà ni àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi ìbẹ́pẹ dúdú sè ẹran tó le. Nínú wàrà, purotéènì yẹn ló di ara rẹ̀ mú, bí wọ́n bá sì ti ń gé e, á máa rọ̀, á máa korò. Ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, kí olúkúlùkù bù ú lé tirẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Wọ́tàmẹ́lọ̀n àti ọsàn kò ní wàhálà yìí.

* * *

Wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ kajú dé. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá jẹ kajú mọ́ mílíìkì yóò kú, pé wàrà náà mílíìkì ni, pé kí n yọ ọ́ kúrò lẹ́nu.

Èmi kò tíì dárúkọ kajú fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ kí n dáhùn. Oje kajú máa ń mú mílíìkì dì. Ẹ dà á sí mílíìkì gbígbóná nínú ife, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n dídì kì í ṣe májèlé. Wàrà tí gbogbo wa ń jẹ, mílíìkì tó ti dì náà ni. Ohun tó léwu lára kajú ni òróró tó wà nínú èèpo kóró rẹ̀, tó ń jó awọ ara, ìyẹn kò sì sí nínú èso tí a ń fà mu. Ìdí tí mi ò fi ń lò ó nínú sàláàdì ni pé ó ń ha ọ̀fun, ó sì ń mú ẹnu gbẹ débi pé ẹ ò ní mọ adùn tòmátì mọ́. Ẹni tó bá kú dandan pé òun fẹ́ ẹ, kó gé e tín-ín-rín, kó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ díẹ̀, kó fún un, híha yẹn á dín kù.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tòmátì, torí ibẹ̀ ni ìjà ti le jù.

Apá kan ní kí a lo tòmátì ìbílẹ̀, èyí roboto tó ní ìlà lára, pé òun ló ní adùn. Apá kejì ní èyí gígùn tó le, tí ọkọ̀ ń kó wá láti òkè Ọya, ni kí a lò. Èmi wà pẹ̀lú apá kejì nínú abọ́ yìí. Ti ìbílẹ̀ dùn nínú ọbẹ̀, ó kan dáadáa, àmọ́ èèpo rẹ̀ tín-ín-rín, inú rẹ̀ kún fún omi àti kóró. Bí ẹ bá ti fi ọ̀bẹ kàn án, ó ti tú. Èyí gígùn ní ẹran lára. Ẹ mú èyí tó pọ́n tán ṣùgbọ́n tí ìka yín kò rì sínú rẹ̀.

Ní ti kóró inú rẹ̀, àwọn kan ní kí a gbọ̀n ọ́n dànù, àwọn kan ní òfò ni. Àwọn tó ní òfò ni jàre. Nínú omi kíki tó yí kóró ká ni púpọ̀ nínú adùn tòmátì wà. Ohun tí mo ń ṣe nìyí: mo máa ń la tòmátì sí méjì ní gígùn, mo fi ṣíbí kékeré gbọ̀n inú rẹ̀ sínú asẹ́ tó wà lórí ife. Mo gé ẹran rẹ̀, mo wọ́n iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, mo gbé òun náà sórí asẹ́ yẹn fún ìṣẹ́jú 15. Omi tó kán sínú ife, mi ò dà á nù. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, mo fi òróró ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun méjì sí i, oyin ṣíbí tíì kan, ata gbígbẹ díẹ̀, mo wá fi fọ́ọ̀kì lù ú títí tó fi ki. Omi tó fẹ́ ba oúnjẹ jẹ́ ti di ọbẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, a sì ń ta á lé e lórí nígbà tí a bá fẹ́ jẹun. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, òótọ́ ni. Iyọ̀ nínú abọ́ yìí kò ṣe ju fún pọ́n lọ, orí tòmátì nìkan ni kí ẹ sì wọ́n ọn sí. Ẹ má wọ́n ọn sórí èso rárá.

Ẹni tó béèrè òróró ólífì: ẹ lò ó bí ẹ bá ní in. Ti ẹ̀pà tí kò tíì kan iná rí ń ṣe iṣẹ́ náà, ó sì bá wàrà mu.

Fífọ̀ rẹ̀: odidi ni kí ẹ fọ̀ tòmátì àti èso, lábẹ́ omi tó ń ṣàn, kí ẹ fi ọwọ́ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, kí ẹ tó gé e. Rírẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ omi tó mọ́, bí omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ bá sì jẹ́ omi kànga tí ẹ kò dá lójú, ẹ ti kó àìsàn lé e lórí ni. Wọ́tàmẹ́lọ̀n pàápàá, ẹ fọ èèpo rẹ̀, torí ọ̀bẹ yóò gba ara èèpo wọ inú. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀ lẹ́bàá títì.

Ẹ má sì kó tòmátì tí ẹ kò tíì gé sínú fíríìjì. Òtútù máa ń pa òórùn rẹ̀, ẹran rẹ̀ á sì dà bí ìyẹ̀fun lẹ́nu. Ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ máa jẹ ẹ́.

* * *

Ìbéèrè kúkurú láti Ọjà Tuntun: ìgbà wo ló dáa jù láti ṣe é?

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwọn nǹkan yìí ń pàdé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tòmátì máa ń pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Àmọ́ ìgbà yẹn náà ni koríko gbẹ, màlúù kò rí jẹ, wàrà á wọ́n. Nígbà òjò, wàrà á pọ̀ yàlàyàlà, tòmátì á wá di góòlù. Ọdún 2016 ni kòkòrò Tuta absoluta run oko tòmátì ní Kàdúná, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde pàjáwìrì lórí tòmátì, tí àwọn èèyàn ń pè é ní Ẹ̀bólà tòmátì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ bí iye rẹ̀ ṣe lè fò lójijì.

Ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé ni ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, láti ìparí oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún. Koríko ti hù, wàrà ti ń padà, tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì tán, máńgòrò sì ti wà káàkiri. Èyí tí mo fẹ́ jù ni máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́, torí ó tóbi, ìran rẹ̀ kò pọ̀, ó ṣeé gé ní igun mẹ́rin. Èyí kékeré oníran, ẹ máa fà á mu. Kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: NAFDAC ti kìlọ̀ lórí àwọn tó ń fi kábáìdì mú èso pọ́n. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú láì ní àbàwọ́n kan, tí inú rẹ̀ wá funfun, tó le, tó sì kan, ẹ má jẹ ẹ́.

Ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́tàmẹ́lọ̀n ni kí ẹ lò. Àgbálùmọ̀ ńkọ́? Oje rẹ̀ lè rọ́pò ọsàn wẹ́wẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹran rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ eyín, ẹ má gé e sí i.

* * *

Ọmọ Ọ̀fà kan ní oúnjẹ yìí kò lè yó ọkùnrin tó ti oko dé, pé òun fi ọ̀dùnkún sísè tó ti tutù sí i, ó sì di oúnjẹ gidi.

Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ọ̀dùnkún Ọ̀fà dùn, ara rẹ̀ le, ó ń fa ọbẹ̀ tòmátì yẹn mu dáadáa. Ẹ sè é pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó bó o, kí ẹ gé e nípọn. Tí ẹ bá ti fi í sí i, ẹ dín èso kù sí ìdajì, torí adùn á pọ̀ jù. Ẹ fi àlùbọ́sà tín-ín-rín kún un kó lè dín adùn náà kù.

* * *

Oníbéèrè padà wá:

"Ẹ ṣé gan-an ni. Àwa márùn-ún la wà nílé. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ṣé mo lè bá a? Ẹ bá mi tò ó."

Ẹ lè bá a. Wàrà ni kí ẹ rà ní ọ̀sán, tàbí kí ẹ rán ọmọ. Bí ẹ ṣe ń wọlé, ẹ gbé e kaná, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ẹ wé e, ẹ fi ọmọ ọlọ tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Fún ẹni márùn-ún, wàrà tó kún abọ́ ọbẹ̀ kan, tòmátì gígùn mẹ́fà, wọ́tàmẹ́lọ̀n ìdá mẹ́rin kan tàbí máńgòrò ńlá méjì, kùkúḿbà kan, àlùbọ́sà pupa kékeré kan. Nígbà tí ó bá ku bí ìṣẹ́jú 40 kí oòrùn wọ̀, ẹ gbọ̀n inú tòmátì, ẹ gbé e sórí asẹ́ pẹ̀lú iyọ̀, ẹ po ọbẹ̀ rẹ̀ sínú ife. Ẹ gé èso, ẹ gbé e sọ́tọ̀ sí fíríìjì. Ẹ gé wàrà, òun náà sọ́tọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn títí dìgbà tí ẹ máa jẹun.

Dàbínù àti omi ni kí ẹ fi ṣínu, kí ẹ kírun, kí ẹ wá dà wọ́n pọ̀ nígbà tí gbogbo ilé ti jókòó. Èso nísàlẹ̀, tòmátì àti àlùbọ́sà lé e, wàrà lókè. Ẹ ta ọbẹ̀ inú ife yẹn sí i. Ẹ já ewé ẹ̀fínrín mẹ́rin tàbí márùn-ún lé e lórí, kéékèèké ni o, torí òórùn rẹ̀ lágbára ju basil àwọn ará Ítálì lọ, tí ó bá pọ̀ á dà bí àgbo.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ má fi pa mọ́ di ọjọ́ kejì bó ṣe wà. Ẹ ṣa èso kúrò, kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́ lálẹ́ yẹn. Ẹ da tòmátì, àlùbọ́sà àti wàrà sínú òróró gbígbóná pẹ̀lú ata rodo kan, ẹ jẹ́ kí ó hó dáadáa, kí ẹ gbé e sí fíríìjì. Tí ẹ bá jí ní sàárì, ẹ tún un gbé kaná títí tí yóò fi hó, ẹ fọ́ ẹyin méjì sí i, kí ẹ fi jẹ búrẹ́dì tàbí iṣu.